Aláǹtakùn ẹlẹ́sẹ̀ gígùn lórí adágún ẹja: ìdáhùn fún ìyá ọlọ́sìn ẹja kan ní Ẹ̀pẹ́

Ìyá kan tó ń sin ẹja àrọ̀ ní etí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́ ló kọ̀wé sí mi, ó sì fi fọ́tò ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Mo gé ìwé náà kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìyí: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ìgbà tí òjò ti ń rọ̀ dáadáa ni àwọn aláǹtakùn kan ti gba orí adágún ẹja mi. Ara wọn tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ wọn gùn, ẹnu wọn sì yọ síwájú gbọọrọ. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ni wọ́n ń takùn láti inú koríko dé ara òpó iná, tí a bá sì jáde ní kùtùkùtù láti fún ẹja lóúnjẹ, ojú la fi ń gba òwú wọn. Mo rí méjì tí wọ́n ki ẹnu bọ ara wọn lẹ́nu, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ pa ara wọn. Ọmọ ọmọ mi tó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi jí lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ìléròrò tó fà gbọọrọ lọ́rùn, gbogbo ilé sì ní aláǹtakùn ló tọ̀ sí i lára. Àwọn ọmọ ẹja mi náà ń dín kù. Ọmọ iṣẹ́ mi ti ra òtápíàpíà, ó fẹ́ fín in yíká adágún. Aládùúgbò mi tún ní ibi tí aláǹtakùn bá ti gbà, ahoro ló fẹ́ dà. Kí ni kí n ṣe?”

Ìyá wa, ẹ kú ìrọ́jú. Kí ẹ tó ka ìyókù ọ̀rọ̀ mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba ìgò òtápíàpíà yẹn lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ yín, kí ẹ sì gbé e jìnnà sí adágún. N ó sọ ìdí rẹ̀ tó bá yá. Bí mo ṣe ka ìwé yín, mo rí i pé ìdààmú mẹ́rin ni ẹ dì lé aláǹtakùn yìí lórí: ìléròrò ọrùn ọmọ, ọmọ ẹja tó ń dín kù, òwú tó ń lẹ̀ mọ́ yín lójú, àti ọ̀rọ̀ ahoro tí aládùúgbò yín sọ. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òwú tó ń lẹ̀ mọ́ yín lójú nìkan ni a lè ka sí i lọ́rùn. Àwọn mìíràn ló ni ẹ̀bi ìyókù, wọ́n sì wà nítòsí yín níbẹ̀. Bí ẹ bá fín aláǹtakùn tán láìmọ̀ wọ́n, ìléròrò yóò tún yọ, ọmọ ẹja yóò sì tún máa lọ.

Aláǹtakùn tó wà nínú fọ́tò yín jẹ́ ti ìdílé tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Tetragnatha, orúkọ tí Latreille, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fún wọn ní 1804. Kò sí kọ́ńtínẹ́ǹtì tí a kò ti rí wọn, àyàfi ibi tí yìnyín bò ní ìsàlẹ̀ ayé. Ọ̀kan lára wọn tó tàn ká púpọ̀ ní ilẹ̀ olóoru ni Tetragnatha nitens, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ní 1826 láti inú àwọn tí wọ́n kó ní Íjíbítì. Ó wà ní Áfíríkà, ó wà ní Éṣíà, ó sì ti dé ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Òun ni mo fura sí jù, ṣùgbọ́n mi ò lè fi gbogbo ẹnu sọ ọ́ láti inú fọ́tò, nítorí pé àwọn ìbátan rẹ̀ máa ń gbé etí omi kan náà, wọ́n sì jọ ara wọn débi pé ojú lásán kò lè yà wọ́n. Bí eyín ṣe tò sí ara àgbọ̀n akọ, àti bí ẹ̀yà ara kékeré tí akọ fi ń gbé àtọ̀ fún abo ṣe rí, ni a fi ń mọ èyí tó jẹ́, abẹ́ ẹ̀rọ tó ń mú ohun kékeré tóbi ni a sì ti ń wò ó. Fún ohun tí ẹ béèrè, èyíkéyìí tí ìbáà jẹ́, ìmọ̀ràn mi kò yí padà, nítorí ìwà wọn lórí omi bára mu.

Ara rẹ̀ kì í sábà ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń mú kí ó dà bí ohun ńlá lójú ẹni. Lọ́sàn-án, ó máa ń na ara rẹ̀ mọ́ igi koríko gbọọrọ, á na ẹsẹ̀ mẹ́rin síwájú, á na méjì sẹ́yìn, á sì fi méjì kúkúrú tó wà láàárín di koríko náà mú, tó fi jẹ́ pé ẹ lè dúró ti ìdí koríko kan tí wọ́n pọ̀ sí kí ẹ má rí ẹyọ kan. Nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú ni yóò jáde, tí yóò ta òwú róbótó kan tó dùbúlẹ̀ tàbí tó dagun díẹ̀ lórí omi, tí àárín rẹ̀ lu, tí àwọn okùn rẹ̀ sì jìnnà síra. Ìdí tí ó fi ń tẹ́ òwú rẹ̀ báyìí ni pé ìsàlẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀ ti ń bọ̀: àwọn kòkòrò tó ti lo ìgbà èwe wọn nínú omi àti ẹrẹ̀, tí wọ́n wá yọ ìyẹ́, tí wọ́n sì ń fò jáde nírọ̀lẹ́. Òwú náà kò yi rárá. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, afẹ́fẹ́ á ti fà á ya, aláǹtakùn náà á sì máa jẹ èyí tó kù, kí ó lè rí ohun tí yóò fi hun ti alẹ́ ọjọ́ kejì. Bí ẹ bá sì gbá a bọ́ sínú omi, kò ní rì. Orí omi ni yóò sáré gbà padà sí ẹ̀bá, ohun tí mo sì fi ń sọ èyí ni pé gbígbá a sínú adágún kò lè mú un kúrò níbẹ̀.

Àwọn méjì tí ẹ rí tí wọ́n ki ẹnu bọ ara wọn lẹ́nu kò jà. Wọ́n ń gun ara wọn ni. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ aláǹtakùn mìíràn, akọ máa ń jó tàbí kí ó máa ta òwú abo pọ́n-ún pọ́n-ún láti fi sọ fún un pé òun kì í ṣe ẹran jíjẹ. Ti ìdílé yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Akọ yóò lọ bá abo tààrà, yóò fi ẹ̀gún kan tó yọ lára àgbọ̀n rẹ̀ há ehín abo mọ́lẹ̀ kí ó má bàa bù ú jẹ, bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò sì wà títí wọn yóò fi ṣe tán. Ìdí kan nìyẹn tí àgbọ̀n akọ fi gùn tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni abo yóò kó ẹyin sínú àpò òwú kan tó lẹ̀ mọ́ ewé tàbí igi, tí ara rẹ̀ rí ṣùṣù, tí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò sì rò pé ìgbẹ́ ẹyẹ ni, tàbí pé ewé náà ló bu.

Ẹ jẹ́ kí n wá sí ọ̀rọ̀ ọrùn ọmọ, nítorí òun ló ká mi lára jù. Láti kékeré ni a ti ń gbọ́ pé aláǹtakùn tọ̀ sí ènìyàn lára, bí ẹnì kan bá ti jí tí ara rẹ̀ lé ròrò. Ohun tó ń jáde ní ìdí aláǹtakùn jẹ́ ohun funfun tó ki díẹ̀, ìgbẹ́ àti ìtọ̀ rẹ̀ ló pọ̀ pọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì ní oró tó lè bó awọ ènìyàn. Oró aláǹtakùn, inú ehín rẹ̀ ló wà, ẹran tó bá kó sínú òwú rẹ̀ ló sì ń lò ó fún. Bí ẹ bá fi ọwọ́ tẹ Tetragnatha mọ́ra, ó lè bù yín jẹ, ṣùgbọ́n kò sí nínú àwọn aláǹtakùn tí a mọ̀ pé oró wọn léwu fún ènìyàn. Ìléròrò tó fà gbọọrọ bí ẹni fi nǹkan fa ilà sára, tó sì jẹ́ pé ọmọ sùn lálàáfíà kó tó jí bá a, àmì kòkòrò mìíràn ni, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Paederus. Kòkòrò náà kéré, gígùn rẹ̀ kò tó sẹ̀ǹtímítà kan. Orí rẹ̀ dúdú, àyà rẹ̀ àti ọ̀pọ̀ nínú ikùn rẹ̀ pọ́n, ìpẹ̀kun ìdí rẹ̀ dúdú, ìyẹ́ kúkúrú tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ń dán, àwọ̀ búlúù tàbí àwọ̀ ewé. Ilẹ̀ olómi àti etí odò ló ń gbé, ìmọ́lẹ̀ gílóòbù ló sì máa ń fà á wọlé lálẹ́.

Kòkòrò yìí kì í jẹni, kì í sì í tani. Bí ó bá ń rìn lára ènìyàn tí ẹni náà sì fi ọwọ́ gbo ó pa, bóyá nínú oorun pàápàá, omi ara rẹ̀ yóò dà sí awọ, omi náà sì ní oró kan tí wọ́n ń pè ní pederin. Oró ọ̀hún kò ní ta lójú ẹsẹ̀. Ó lè tó ọjọ́ kan tàbí méjì kí ibẹ̀ tó pọ́n, kí ó tó máa ta, kí ó sì tó lé ròrò. Ibi tí ó ti ń dá àwọn ènìyàn rú nìyẹn, nítorí pé nígbà tí ìléròrò yóò fi yọ, kò sẹ́ni tó rántí kòkòrò tí a gbo ní àná tàbí ní ìjẹta mọ́, aláǹtakùn tó wà ní igun ilé sì wà níbẹ̀ tí gbogbo ojú ń rí i. Ní gúúsù Nàìjíríà níbí, àkọsílẹ̀ àwọn onímọ̀ wà láti àwọn ọdún 1990 nípa ìgbà tí kòkòrò yìí pọ̀ lójijì tó sì bó ọ̀pọ̀ ènìyàn lára, Ìpínlẹ̀ Rivers, tí omi pọ̀ sí bíi tiwa, sì wà nínú ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀.

Bí ẹ bá rí i lára ẹnikẹ́ni, ẹ má gbo ó. Ẹ fẹ́ ẹ dànù, tàbí kí ẹ jẹ́ kó gun bébà kí ẹ sì gbé e síta. Bí ó bá ti fọ́ sí ara, ẹ tètè fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ ibẹ̀, kí ẹ sì fọ aṣọ àti ìrọ̀rí tó kàn án, nítorí pé ọwọ́ tó bá ti kàn án lè gbé oró náà lọ sí ojú. Ẹ má ṣe tú ìléròrò náà, ẹ má sì fi omi bátìrì tàbí àgbo tó ń ta sí i. Gbogbo rẹ̀ sábà máa ń gbẹ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, àpá rẹ̀ sì lè dúdú fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn náà. Èmi kì í ṣe dókítà, mi ò sì lè wo ọrùn ọmọ láti inú ìwé. Àwọn àìsàn kan wà tí wọ́n ń mú ara lé ròrò tí kòkòrò kankan kò lọ́wọ́ sí. Bí ó bá súnmọ́ ojú, bí ibà bá tẹ̀lé e, bí ó bá ń kẹ̀, tàbí bí ó bá ń padà wá sí ojú kan náà, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láìfi falẹ̀.

Ní ti ọmọ ẹja, òótọ́ ni pé àwọn aláǹtakùn kan wà láyé tí wọ́n ń pa ẹja. Ní 2014, àwọn onímọ̀ kó àkọsílẹ̀ jọ láti gbogbo kọ́ńtínẹ́ǹtì àyàfi Antarctica nípa aláǹtakùn tó mú ẹja kéékèèké jẹ, àwọn tí a mọ̀ sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Áfíríkà sì wà nínú ìdílé Nilus. Ṣùgbọ́n aláǹtakùn alágbára ni àwọn wọ̀nyẹn, wọn kì í takùn róbótó láti fi ṣọdẹ. Orí ewé tàbí òkúta ni wọ́n máa ń jókòó sí, tí wọ́n á gbé ẹsẹ̀ lé omi láti fi gbọ́ bí nǹkan ṣe ń mì nísàlẹ̀. Èyí tó wà nínú fọ́tò yín kò ní agbára ẹ̀, òwú rẹ̀ kò sì lè gbé ọmọ ẹja. Ẹni tí mo máa kọ́kọ́ fura sí ni ẹja àrọ̀ fúnra rẹ̀, nítorí pé nínú ọmọ ẹja tí wọ́n jọ pa lọ́jọ́ kan náà, àwọn díẹ̀ máa ń yára tóbi ju ẹgbẹ́ wọn lọ, àwọn tí ẹ̀yin ọlọ́sìn ẹja ń pè ní ṣútà, wọ́n sì ń gbé àwọn kékeré mì láìṣẹ́ku egungun. Bí ẹ kò bá ti ṣà wọ́n sọ́tọ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wò ibẹ̀. Lẹ́yìn wọn, ẹ wo ọmọ lámilámi. Lámilámi tó rẹwà tó ń fò lórí omi yẹn, inú omi ni ọmọ rẹ̀ ń gbé, ọdẹ burúkú ni, ó sì lè pa ọmọ ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Ọ̀pọ̀lọ́, ẹyẹ apẹja àti àwọn kòkòrò inú omi tó ń gún ẹran mu wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Fífi àwọ̀n tó kúnjú bo àwọn adágún tí ọmọ ẹja kéékèèké wà yóò dín gbogbo wọn kù, ṣútà nìkan ni kò ní kàn.

Ìbéèrè tó wà lábẹ́ gbogbo rẹ̀ ni pé, kí ló dé tí wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí ó sì jẹ́ àsìkò yìí? Bí àwọn olóúnjẹ ṣe ń kóra jọ sí gáréèjì tí èrò pọ̀ sí ni aláǹtakùn ṣe ń kóra jọ sí ibi tí kòkòrò pọ̀ sí. Àwọn kòkòrò tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n jọ ẹ̀fọn gan-an ṣùgbọ́n tí wọn kì í jẹni, àwọn tó máa ń dà bo gílóòbù nírọ̀lẹ́, tí ẹ̀yin á sì gbá òkú wọn lórí símẹ́ńtì láàárọ̀. Inú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún ni ọmọ wọn ń gbé, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì pupa bí ẹ̀jẹ̀, torí pé ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ tiwa pupa wà lára tiwọn náà, òun ni wọ́n fi ń rí afẹ́fẹ́ lò nínú ẹrẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò sí. Oúnjẹ ẹja tí ẹja kò jẹ tán, tó rì, tó sì jẹrà, ni oúnjẹ wọn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni mo sọ, ẹ bu ẹrẹ̀ díẹ̀ ní ìsàlẹ̀ adágún, kí ẹ fi omi ṣàn án nínú ajọ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀pọ̀ kòkòrò pupa tó ń ká kò, ẹ ti rí ohun tó pe aláǹtakùn wá. Wọn kò pa ẹja lára, kódà ẹja àrọ̀ ń jẹ wọ́n, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá pọ̀ jù, ó ń sọ fún yín pé owó oúnjẹ yín ń bọ́ sínú ẹrẹ̀. Koríko tí ẹ fi sílẹ̀ ní ẹ̀bá, àti ewéko olódòdó tó ń léfòó tí ọ̀sà ń gbé wá, èyí tó kọ́kọ́ fara hàn nínú omi Àgbádárìgì ní 1984 kí ó tó tàn dé ọ̀dọ̀ wa, ló fún wọn ní ibi tí wọn yóò so òwú mọ́. Gílóòbù yín ló sì ń kó kòkòrò náà jọ sí ojú kan fún wọn.

Èyí kì í ṣe ti Ẹ̀pẹ́ nìkan. Ní 2007, ní etí adágún Tawakoni ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, òwú bo àwọn igi ní nǹkan bíi 180 mítà débi pé ìwé ìròyìn gbé e káàkiri ayé, Tetragnatha guatemalensis, ìbátan eléyìí, ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ta á. Ní 2009, ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń fọ omi ìdọ̀tí ìgboro Baltimore mọ́, òwú bo òrùlé, àwọn onímọ̀ sì ṣírò pé aláǹtakùn ibẹ̀ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 107, irú kan náà sì wà lára wọn. Wọ́n sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé kò séwu. Ní oṣù kẹsàn-án 2018, ní Aitoliko ní ilẹ̀ Gíríìsì, ìlú tó wà láàárín ọ̀sà bíi ti wa, òwú bo ẹ̀bá omi ní nǹkan bíi 300 mítà. Ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, omi wà níbẹ̀, kòkòrò tó ń fò jáde láti inú rẹ̀ sì pọ̀ rẹpẹtẹ. Irú ọ̀pọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í wà títí lọ. Bí kòkòrò bá ti dín kù, òwú náà á dín kù.

Mo ṣèlérí pé n ó padà sí ọ̀rọ̀ òtápíàpíà. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń tà lórúkọ yìí ní dichlorvos nínú, oró tó ń da iṣan rú, ti kòkòrò, ti ẹja, àti ti ènìyàn pẹ̀lú. Nítorí ewu rẹ̀ ni NAFDAC fi fòfin de títà rẹ̀ nínú ìgò kéékèèké ní 2019. Bí atẹ́gùn ọ̀sà bá gbé e bọ́ sínú adágún, tàbí tí òjò bá fọ̀ ọ́ láti orí koríko wọ inú omi, ẹja yín ni yóò kọ́kọ́ kú. Àwọn òògùn apakòkòrò mìíràn tí òórùn wọn kò le tó bẹ́ẹ̀, bíi cypermethrin àti deltamethrin, tún léwu fún ẹja gan-an, ìwọ̀n kékeré tí ènìyàn kò ní kà sí lè pa ẹja inú adágún. Ohun mìíràn tún ni pé ẹja yín, ọjà ló ń lọ, ẹnu ènìyàn ló sì ń wọ̀. Ká tiẹ̀ ní gbogbo rẹ̀ kò bọ́ sínú omi, kò ní pẹ́ tí àwọn mìíràn á tún fi dé, nítorí pé ọmọ aláǹtakùn yìí máa ń ta okùn kan sínú atẹ́gùn, tí atẹ́gùn á sì gbé e lọ sí ibi tó jìnnà. Báyìí ni ìdílé yìí ṣe dé àwọn erékùṣù Hawaii tó wà láàárín agbami, tó jìnnà sí ilẹ̀ ńlá tó súnmọ́ ọn jù ní ohun tó ju kìlómítà 3,000 lọ. Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ kò lè jẹ́ ìdènà fún un.

Ohun tí mo rò pé ó yẹ kí ẹ ṣe kò gba owó púpọ̀. Ẹ gé koríko ojú ọ̀nà tí ẹ ń tọ̀ láti fún ẹja lóúnjẹ kí ó mọ́ tónítóní, kí ẹ sì fi ti ẹ̀bá kejì tí ẹnikẹ́ni kì í gbà sílẹ̀ fún wọn. Bí wọn kò bá rí ibi so okùn mọ́ ní ojú ọ̀nà, wọn yóò súnmọ́ ẹ̀yìn. Ẹ so ìgbálẹ̀ mọ́ orí ọ̀pá gígùn, kí ọmọ iṣẹ́ yín máa gbé e síwájú bí ó bá ń jáde ní kùtùkùtù. Gílóòbù ni ẹ ó ṣe iṣẹ́ jù sí. Bí ẹ bá lè pa á nígbà tí iṣẹ́ bá ti tán lálẹ́, ẹ pa á. Bí ẹ kò bá lè pa á nítorí olè, ẹ yọ funfun tó ń tàn yòò yẹn, kí ẹ fi èyí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n yẹ́lò sí i, nítorí kì í fa kòkòrò tó funfun, kí ẹ sì gbé òpó rẹ̀ kúrò lórí omi, kí ó máa tan ìmọ́lẹ̀ sí adágún láti òkèèrè. Èyí yóò ràn yín lọ́wọ́ lórí Paederus náà, nítorí ìmọ́lẹ̀ kan náà ló ń fà á wọ yàrá tí ọmọ ń sùn. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé yàrá náà, kí ẹ sì pa iná ibẹ̀ kí ọmọ tó wọlé sùn. Lẹ́yìn náà, ẹ dín oúnjẹ ẹja kù sí ìwọ̀n tí wọ́n lè jẹ tán lójú yín. Nígbà tí ẹ bá kó ẹja tà, kí ẹ tó kó òmíràn sí i, ẹ fa omi adágún gbẹ, ẹ kó ẹrẹ̀ rẹ̀ kúrò, kí oòrùn sì pa á dáadáa. Bí ẹ bá ṣe èyí, ìran kòkòrò pupa náà yóò dín kù, ẹ ó sì rí i pé aláǹtakùn náà yóò dín kù láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kàn án.

Ẹ lè pinnu láti fi wọ́n sílẹ̀ láìṣe ohunkóhun pẹ̀lú, ìyẹn kò sì burú bí ẹ bá lè fara da òwú. Mi ò fẹ́ fi ohun tí wọn kò lè ṣe tàn yín jẹ. Àwọn kan á sọ fún yín pé wọ́n máa gbà yín lọ́wọ́ ibà. Wọ́n ń mú ẹ̀fọn nítòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó bá ṣáà fò wọ òwú ni wọ́n ń mú, ẹ̀fọn tó sì ń jẹni nínú yàrá lóru kò sí lórí adágún ní àkókò yẹn. Ẹ má tìtorí wọn gbé nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sílẹ̀. Níbi tí iṣẹ́ wọn ti hàn kedere ni oko ìrẹsì, níbi tí ilé iṣẹ́ ìwádìí ìrẹsì lágbàáyé, IRRI, ní Philippines, ti kà wọ́n mọ́ ọ̀rẹ́ àgbẹ̀ nítorí àwọn kòkòrò tó ń fa omi ara ìrẹsì mu tí wọ́n ń pa. Bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn ará yín bá ń gbin ìrẹsì ní àbàtà, ẹ sọ fún un kí ó má fín wọn.

Ní ti ahoro tí aládùúgbò yín ń wí, àwọn tó ń ta òwú sí igun ilé tí ẹnikẹ́ni kò gbé ni ọ̀rọ̀ yẹn bá wí, torí pé ibi tí ènìyàn kì í gbá ni wọ́n ń pọ̀ sí. Eléyìí kì í gbé inú ilé. Adágún tí ẹja wà nínú rẹ̀, tí oúnjẹ ń wọ̀, tí iná ń tàn sí lóru, ló fẹ́ràn.

Bí ẹ bá fẹ́ kí n sọ irú èyí tó jẹ́ gan-an, ẹ wá akọ tó ti dàgbà. Ẹ ó fi àgbọ̀n rẹ̀ tó gùn ju ti abo lọ mọ̀ ọ́n, àti ohun méjì kéékèèké tó wú ní ìpẹ̀kun bí ẹni wọ ìbọ̀wọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀. Alẹ́ ni kí ẹ wá a, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, lórí òwú tàbí nítòsí rẹ̀. Ẹ fi ìgò kékeré gbà á láìfi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ da spírítì tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù òògùn lé e lórí títí yóò fi bò ó, kí ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti mú un sórí bébà kékeré, kí ẹ sì fi bébà náà sínú ìgò pẹ̀lú rẹ̀, nítorí yíǹkì bírò yóò ṣí nínú spírítì. Akọ méjì tàbí mẹ́ta ti tó. Bí ẹ bá sì rí kòkòrò pupa àti dúdú tí mo ṣàpèjúwe níbi gílóòbù, ẹ fi bébà gbé òun náà sínú ìgò ọ̀tọ̀, kí ẹ sì fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn rẹ̀.